Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì í Gbà
Ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù á mọ ọ̀nà tó ti Burgess Park dé ilé ìkàwé àdúgbò wọn. Odò àtọwọ́dá ni tẹ́lẹ̀. Láti 1826 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ẹrù gba ibẹ̀. Nígbà tí kò wúlò mọ́, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, ó di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Afárá àtijọ́ ṣì wà: mọ́tò ń gba orí rẹ̀, tọmọdé tàgbà ń gba abẹ́ rẹ̀ láìfòyà. Ìlú tó bá ń wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ohun tó ti pa tì. Ẹni tí kò ní mọ́tò náà, ọmọ onílùú ni.