Ibi Tí Àlejò Ifá Yóò Sùn: Wíwá Ibùwọ̀ Tó Tura ní Sùúrùlérè, Yábà àti Muṣin

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi sí mi lẹ́nu lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ odù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ibi tí àlejò bá sùn ni yóò sọ irú ọdún tí yóò ṣe. Ẹni tí ó bá gba yàrá sí ibi tí kò yẹ yóò lo agbára rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò ná owó tí ó fi pamọ́ fún ẹbọ lórí ọkọ̀, nígbà tí yóò bá sì fi dé ojúbọ, a ti da obì tán. Ẹni tí ó wá tẹfá tilẹ̀ nílò ìsinmi ju gbogbo wa lọ, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni, iṣẹ́ òru sì wà nínú rẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni èrò ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹfà, àwọn tí ó ń lọ sí ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ máa ń gba Èkó kọjá. Ní oṣù Kẹjọ, a ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù náà, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fún ní ìsinmi ní ọdún 2023. Oṣù yẹn kan náà ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Oṣù Kejìlá ló wá le jù. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà á dé, ìgbéyàwó á pọ̀, àríyá á pọ̀, gbogbo wọn á sì rọ́ lọ sí Victoria Island, Ìkòyí àti Lẹ́kkí. Yàrá á wọ́n, owó rẹ̀ á gòkè, ojú ọ̀nà á sì dí pa. Àlejò tí kò mọ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí mẹ́ta wọ̀nyí á rò pé Èkó ti kún. Èkó kò tíì kún. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ ló kún.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilẹ̀ ṣe rí. Ìkẹjà ni pápákọ̀ òfurufú wà, ní ìhà tiwa níbí. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ tí ó ń bọ̀ ní Muṣin, Yábà tàbí Sùúrùlérè kò ní í gun afárá ọ̀sà kankan. Ẹni tí ó bá sùn sí Erékùṣù, tí iṣẹ́ Ifá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa, gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan nínú afárá mẹ́ta: Carter, Èkó, tàbí Third Mainland tí a ṣí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 12. Bí ọkọ̀ kan bá dákú lórí ọ̀kan nínú wọn ní òwúrọ̀, ìyókù á há. Àwa tí à ń gbé ìlú yìí mọ̀ pé wákàtí ni a fi ń ka ọ̀nà Èkó, a kì í fi kìlómítà kà á.

Kì í sì í ṣe òní ni ìhà yìí bẹ̀rẹ̀ sí gba àlejò. Ní àwọn ọdún 1920, àrùn tí eku ń gbé kiri pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Erékùṣù. Ní ọdún 1928 ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, Yábà sì wà lára ibi tí wọ́n là sí òpópónà fún àwọn tí àyè há mọ́. Láti ọdún 1955, nígbà tí wọ́n ń wó ilé ní àárín Erékùṣù, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé lọ. Ẹni tí ó bá kó ẹrù kúrò ní agbo ilé bàbá rẹ̀ kì í fi Ifá bàbá rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí ayé péjọ fún FESTAC ní oṣù Kìíní ọdún 1977, Iganmu ni a kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá sí, ọ̀nà Badagry ni a sì kọ́ ìlú tí àwọn àlejò yóò gbé sí. Orúkọ àdúgbò wa pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ojúbọ Ẹlẹ́gbára ló fún Ojúẹlẹ́gba ní orúkọ, igi àràbà ló fún Ìdí-Àràbà, igi iṣin ni àwọn àgbà sì sọ pé ó bí orúkọ Muṣin. Ẹni tí ó wá wo ìṣẹ̀ṣe, kí ni yóò máa sá fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sùúrùlérè ló rọrùn jù fún ìdílé àti àgbàlagbà. Hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké àti ilé tí a ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní shortlet, wà ní agbègbè Bode Thomas àti Adéníran Ògúnsànyà. Oúnjẹ kò jìnnà, ilé ìṣoògùn ńlá LUTH wà nítòsí. Bí àlejò bá fẹ́ lọ wo Ìsàlẹ̀ Èkó, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní ibùdókọ̀ National Theatre, kí ó sì sọ̀ ní Marina. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra ní àsìkò òjò. Àwọn òpópónà kan tí ó wà lẹ́bàá ojú ọ̀gbàrá, ní ìhà Àgúdà àti Ìjẹ̀ṣà, máa ń kún fún omi.

Yábà dára fún olùwádìí àti fún ẹni tí yóò tún rìnrìn àjò. Yunifásítì Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 wà ní Akọ́kà, ilé àlejò sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Àdúgbò bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ fún ìsinmi. Ní Alágómejì ni ibùdókọ̀ ojú irin Mobolaji Johnson wà. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ti ń ti ibẹ̀ gba Abẹ́òkúta lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó ń lọ sí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo lè fi Yábà ṣe ibùdó, kí ó jí lọ sí ibùdókọ̀ láìjẹ ìyà ojú ọ̀nà Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Muṣin ni àlejò ń bẹ̀rù jù, nítorí orúkọ tí ayé fún un. N kò ní í tan yín: ó kún, ó ń pariwo, òru rẹ̀ kò sì bá gbogbo ènìyàn mu. Ṣùgbọ́n Ọjà Ojúwoyè wà níbẹ̀, òwúrọ̀ rẹ̀ sì kún fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ìlú ṣe ń jẹun. Ojú ilé Pápá Àjàó rọ̀ ju ti ọ̀nà Agége lọ. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa tí ó ń lọ láti Agbádó sí Òyìngbò ń dúró ní Muṣin àti ní Yábà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àlejò má dá wọ Muṣin. Ilé ẹni tí ó mọ̀ tàbí ilé tí awo rẹ̀ mú un lọ ni kí ó wọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni kí a wò kí a tó san owó. Ẹ̀kínní, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí láti ibẹ̀ dé ojúbọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Èkejì, kí ẹnì kan lọ wo ilé náà ní aago mẹ́wàá alẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán. Ilé ọtí, gbohùngbohùn àti àríyá òpin ọ̀sẹ̀ kì í fara hàn nínú àwòrán. Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ béèrè omi, kí ẹ sì mọ̀ bóyá owó iná wà nínú owó yàrá. Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ fún onílé ṣáájú pé ẹ ó gbé ikin àti ọpọ́n wọlé. Onílé mìíràn kò fẹ́ ẹ, ó sì sàn kí ó kọ̀ lónìí ju kí ó lé yín jáde lóru lọ. Kí ẹ má sì pa ẹran nínú yàrá tí ẹ fi owó gbà. Ojúbọ ló ni ẹbọ. Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rí, fún ilé tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀. Ní àsìkò èrò, àwọn gbájúẹ̀ máa ń fi àwòrán ilé onílé pa owó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, àwa onílé ni ó kàn. Àlejò fọkàn tán wa nítorí ikin tó wà lọ́wọ́ wa. Bí a bá mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí a sì ti bá olùtọ́jú ibẹ̀ dá owó lé orí yàrá láìjẹ́ kí ó mọ̀, a ti sọ àlejò di ọjà. Bí a bá fẹ́ gba owó ìrìn wa, kí a dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kí ó san án tàbí kí ó kọ̀. Ìwà ni a fi ń ṣe awo, àlejò á sì ròyìn ìwà wa dé ilé rẹ̀ kí ó tó ròyìn odù tí ó jáde fún un. Kí agbo Ifá kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò máa wá ilé ní oṣù méjì ṣáájú ọdún, kí wọ́n kọ orúkọ ilé tí wọ́n ti wò sílẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un wò lọ́dọọdún, nítorí ilé tó dára lésìí lè ti yí padà.

Ẹ̀yin àlejò wa, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ tètè béèrè, ẹ má sì fi orúkọ àdúgbò dá ilé lẹ́jọ́. Kí Ọ̀rúnmìlà fún yín ní oorun àsùnjí, kí ẹsẹ̀ tí ẹ fi wá jẹ́ ẹsẹ̀ ire, kí ẹ bá ilé yín ní àlàáfíà. Àṣẹ.