Ẹjọ́ Olè: Ìgbà Wo Ni Ká Pè, Ìgbà Wo Ni Ká Lọ?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa, láti Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ dé ọjà Jagun l'Ógbòmọ̀ṣọ́:

Bí olè bá ṣì wà lọ́jà, ká pe 615 tàbí 112 kíá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a bá ìsọ̀ ní jíjá, tí olè ti lọ, tẹ́ṣàn ló kàn. Ká má fọwọ́ kan àgádágodo tí wọ́n já. Ká sọ fún Ìyálọ́jà, ká kọ ẹrù tó lọ sílẹ̀, ká dé tẹ́ṣàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ká rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Bí wọ́n bá rí ẹrù náà lọ́la, ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Ọ̀fẹ́ ni ẹjọ́ sísùn.

Bí a bá dákẹ́, ìsọ̀ ẹlòmíràn ló kàn.