Kíláàsì Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà: Àlàyé fún Àwọn Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà sọ



Bí a bá dárúkọ kíláàsì, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń wá sí ọkàn àwa olùkọ́. Èyí tí a ń sọ lónìí yàtọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni, tí a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé láti dá ohun púpọ̀ tí ó jẹ́ irú kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ẹgbẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún kan, nínú ẹgbẹ́ kan tí a wà, ẹni mẹ́ta ni ó ń kọ ìwé owó, olúkúlùkù sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí a ka ìwé náà sétígbọ̀ọ́ ìpàdé, alàgbà kan tí ó ti san owó rẹ̀ pé di ajigbèsè lójú gbogbo ènìyàn. Ó dìde, ó sì lọ sí ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jalè. Ìlànà kan ṣoṣo ni a kò ní.

Bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, a ó kọ kíláàsì kan, a ó pè é ní Ọmọ-ẹgbẹ́. Ohun méjì ni a ó kọ sí inú rẹ̀. Èkíní ni ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa olúkúlùkù: orúkọ, ẹ̀ka, àti iye tí ó ti san. Èkejì ni iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ náà lè ṣe: kí ó gba owó, kí ó sì sọ iye tí ó wà nílẹ̀. Kíláàsì fúnra rẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí irin tí a fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù kì í ti í ṣe búlọ́ọ̀kù.

Láti inú rẹ̀ ni a ó ti dá àkọsílẹ̀ Bọ̀dé ní Ìkàrẹ́, tí ó ti san 5,000 náírà, àti ti Táyọ̀ ní Ọ̀kà, tí ó ti san 3,000. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní object. Bí Bọ̀dé bá san 2,000 sí i, tirẹ̀ di 7,000. Ti Táyọ̀ kò kúrò ní 3,000. Ìlànà kan náà ni, ṣùgbọ́n àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ààbò tún wà níbẹ̀. A lè pàṣẹ pé kí iṣẹ́ gbígba owó má ṣe gba òfo tàbí iye tí ó kéré sí òfo, kí ó sì jẹ́ ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo tí owó lè gbà wọlé.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń san pọ́ùn ńkọ́? A ó dá kíláàsì Ọmọ-ẹ̀yìn-odi, tí yóò jogún gbogbo ohun tí ó wà nínú Ọmọ-ẹgbẹ́, a ó sì fi ìṣirò pọ́ùn sí náírà kún un. Ẹni tí ó jogún oko bàbá rẹ̀ kì í tún igbó ṣán láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ará ilẹ̀ Norway, ni ó fi kíláàsì sí inú èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Simula, ní 1967, ní ìlú Oslo. Wọ́n ń wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi ṣe àfarawé ìṣe ayé. Python tí ó jáde ní 1991, àti Java ní 1995, ń lo kíláàsì títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe há a sórí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ mú ìwé àti gègé, ẹ yan ohun kan, bí ọkọ̀ tí ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, kí ẹ sì bi ara yín pé: kí ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀? Kí ni ó lè ṣe? Ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yí i padà? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ kíláàsì. Bí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ padà wá bá wa tún ìwé ẹgbẹ́ ṣe, kí ojú má tún ti àgbà kankan ní ìpàdé nítorí owó tí ó ti san.