Ọjọ́ Ìsinmi Òṣìṣẹ́: Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kọnjé la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹlòmíràn á ní: “Kọnjé kẹ̀? Ti àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin, ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998, sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún ń sanwó fún un, òṣìṣẹ́ ni. Bí ẹ bá gba obìnrin márùn-ún tí wọ́n ń fọ́ kájú fún yín, ẹ ti di ọ̀gá nìyẹn. Kọnjé wọn wà lọ́rùn yín.

Ọjọ́ mélòó ni? Ọjọ́ 2 fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú bíìkì yín, ẹ ṣírò rẹ̀: 2 lọ́nà 12, ó di 24. A kì í ka ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ọjọ́ 24 yìí tó ọ̀sẹ̀ 4. Bí òṣìṣẹ́ bá pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó tọ́ sí i, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró. Ọ̀gá kò lè sọ pé: “Gba owó díẹ̀ yìí, kí o má lọ sinmi.” Òfin kò gbà á, àfi bí iṣẹ́ bá ti parí láàrin wọn.

Ẹnu lásán tí a fi ń sọ ọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀gá á ní: “Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fún ọ nígbà tí o lọ kọ ebè iṣu.” Òṣìṣẹ́ á ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ta ni yóò jẹ́rìí?

Ẹ ra ìwé kan. Ojú ìwé kan fún òṣìṣẹ́ kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sókè, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fa ìlà, kó di ọ̀nà mẹ́ta: ọjọ́ tó tọ́ sí i, ọjọ́ tó lò, ọjọ́ tó kù. Bó bá lọ tó sì dé, ẹ kọ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò tíì mọ̀wé, ẹ kà á sí i létí kó tó tẹ̀ka.

Ní ti àsìkò, ẹ jọ fikùn lukùn. Nígbà tí kájú ń já bọ́, láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, iṣẹ́ pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti aboyún yàtọ̀, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. Òfin fún un ní ọ̀sẹ̀ 14: 6 kó tó bímọ, 8 lẹ́yìn ìbímọ. Kò sí nínú ọjọ́ 24 yẹn. Oyún kì í ṣe ohun tí à ń torí rẹ̀ lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ à ń rí i: ìyá ìkókó á padà dé, yóò bá ẹlòmíràn lórí àpótí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, CNSS yóò bá yín gbé ìdajì owó ọ̀sẹ̀ 14 náà.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ láàrin yín, alábòójútó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ìjọba yàn ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá, kó tó di ti kóòtù. Ẹ mú ìwé yẹn dání.

Ẹ ṣírò eléyìí dè wá: obìnrin kan pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti lo ọjọ́ 7, ó tún lo ọjọ́ 9. Ọjọ́ mélòó ló kù fún un?