Iṣẹ́ Léètì Tí A Ń Yí Inú Rẹ̀ Síta: Bí A Ṣe Ń Pèsè Igi Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

 

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí ènìyàn lè fi wá owó díẹ̀ kún owó oṣù, tàbí tí ó lè máa ṣe lẹ́yìn tí ó bá fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ igi lórí léètì ni mo mú. Ẹ ti rí ọ̀pá àtùpà tí ó ní fèrèsé lára, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ènìyàn á máa bèèrè pé ibo ni irin gbà wọlé.

Irin kò wọlé rárá. Igi mẹ́rin onígun mẹ́rin ni a kọ́kọ́ lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, tí a gbẹ́ ikùn rẹ̀ wọnú lórí léètì. Lẹ́yìn náà a tú wọn, a yí igi kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀yìn rẹ̀ di inú, a lẹ̀ wọ́n pọ̀ pátápátá, a sì gbẹ́ ìta. Ibi tí a kọ́kọ́ gbẹ́ ni ó di ihò inú. Bí irin bá ti gbẹ́ kọjá ojú pẹrẹsẹ, fèrèsé ti ṣí nìyẹn.

Nítorí náà, ojú igi tí ó wà níta lákọ̀ọ́kọ́ ni a ó fi lẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ń fá ojú méjì tí ó pàdé, wọ́n á fi méjì tó kù sílẹ̀ wúruwùru. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ tọ́. Bí igun kọ̀ọ̀kan bá fi dígíríì kan péré dín sí 90, igi mẹ́rin yóò fi àlàfo dígíríì mẹ́rin sílẹ̀, kò sì sí gúlù tí yóò bò ó.

Ẹ má ṣe la igi kúkúrú lórí ayùn ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ìka ń bá lọ. Ẹ mú igi gígùn kan, bí íńṣì 44, ẹ là á, ẹ fá a títí yóò fi jẹ́ íńṣì 1½ ní ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ tó gé e sí mẹ́rin, íńṣì mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọn á dọ́gba, àwọ̀ wọn á sì bára mu. Ẹ wò ó bóyá ìbòrí ayùn náà wà níbẹ̀. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tú u sọ sí kọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń dá iṣẹ́ dúró. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ọdún 1987 pàṣẹ pé kí a bo ibi eléwu lára ẹ̀rọ. Kì í ṣe oore tí fọ́manù ń ṣe fún wa.

Igi ọmọ dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó rọ̀. Ìrókò lẹ́wà, ṣùgbọ́n òkúta tó máa ń wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ kí ojú irin kú, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu láyà àti lára. Ẹ di imú. Igi yòówù kó jẹ́, kí ó gbẹ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́, ẹ lè lò ó.

Ẹ fi nọ́ńbà 1 dé 4 sí orí wọn. Ní orí àti ìdí nìkan, íńṣì 1½ níbì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwé ìròyìn sáàárín, gúlù ní ẹ̀gbẹ́ ìwé méjèèjì. Ìwé yẹn ni yóò ya nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú wọn. Gúlù tó kù kò ní kí ẹ máa ha á, ojú yẹn ni yóò bọ́ síta, irin á gbẹ́ ẹ kúrò. Ṣùgbọ́n kí gúlù má kán sí ojú ìta, kò ní jẹ́ kí ìlẹ̀pọ̀ kejì mú. Ẹ má sì gbẹ́ orí àti ìdí nígbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni wọn yóò ti di ara wọn mú.

Ewu ibẹ̀ nìyí. Ojú ibi tí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé gan-an ni ṣóńṣó léètì ń wọ̀. Bí ó bá mú, yóò là wọ́n bí àáké ṣe ń la igi ìdáná, wọn á sì fò lu ènìyàn. Ẹ lo èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí òrùka. Ẹ jẹ́ kí gúlù sùn mọ́jú, ẹ fi téèpù tó lágbára di orí àti ìdí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré díẹ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sì fi ìbòjú bo gbogbo ojú. Gíláàsì nìkan kò tó.

Mo mú mẹ́rin tí mo ti lẹ̀ wá. Ẹ gbé e kiri, ẹ fọwọ́ kan igun rẹ̀, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bèèrè.