Àlejò ní Ọjà Apòmù

Ẹ̀yin ará mi, láti Ìkirè títí dé Apòmù, bí a bá rí aláìnílé tí ó sùn sí abẹ́ ìsọ̀, a óò ju owó díẹ̀ sí i, a óò sì yára kọjá. Bí ẹnìkan bá wá pariwo gbọ́mọgbọ́mọ lé e lórí, àwọn mìíràn a gbé igi.

Bẹ́ẹ̀ ni nígbà kan rí, ní ọjà Apòmù yìí, àlejò ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù onílé. Níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, a ń jí ọlọ́jà gbé, a ń tà wọ́n lẹ́rú. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ pé Aólẹ̀ ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó jẹ Aláàfin. Baálẹ̀ Apòmù mú un, ó sì nà án gidigidi. Ẹni tí a tà kì í ṣe ọmọ Apòmù. Ẹni tí ó tà á, ọmọ ọba ni.

Nígbà tí Aólẹ̀ gorí ìtẹ́, ó fẹ́ gbé ogun wá. Baálẹ̀ sá lọ bá Ọ̀ọ̀ni, ṣùgbọ́n Ọ̀ọ̀ni pẹ̀lú kò lè gbà á sílẹ̀. Ó pa ara rẹ̀ kí ìlú má bàa parun, a sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.

Àwọn kan yóò wí pé alágbe mìíràn a máa purọ́. Òtítọ́ ni. Ẹni tí a bá fura sí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tí ebi ń pa, kí àwọn alàgbà ìjọ wá oúnjẹ fún un, àti ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.