Àká Kan fún Gbogbo Ilé: Bí Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Ń Mú Orin àti Àwòrán Nínú Àpótí Ìpamọ́

  

Àgbẹ̀ tó bá kórè àgbàdo kì í tú u ká sí gbogbo yàrá. Inú àká ló ń kó o sí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun á lọ bù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orin àti àwòrán tí à ń gbà sílẹ̀ lóde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú fóònù bàbá. Àwòrán ìgbéyàwó wà nínú fóònù ọmọ. Oríkì tí ìyá àgbà kì kí ó tó kú wà nínú káàdì kékeré kan tí kò ju èékánná lọ. Bí fóònù bá bọ́ sómi, tí káàdì sì sọnù, ohùn ìyá àgbà lọ nìyẹn. Kò sí owó tí a lè fi rà á padà.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni bí a ṣe lè kó gbogbo rẹ̀ sínú àká kan, kí tẹlifíṣọ̀n ilé sì lè máa mú un níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a nílò. Èkíní ni àpótí ìpamọ́. Ẹ̀rọ kékeré ni, dísìkì ló wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. Èkejì ni ẹ̀rọ Wi-Fi, tí àwọn mìíràn ń pè ní ráútà. Ẹ̀kẹta ni tẹlifíṣọ̀n tó lè gba Wi-Fi, tàbí àpótí kékeré tí a máa ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé a gbọ́dọ̀ ra íntánẹ́ẹ̀tì kí èyí tó ṣeé ṣe. Rárá o. Ráútà dàbí ìkóríta inú àgbàlá wa. Láti àpótí dé ìkóríta, láti ìkóríta dé tẹlifíṣọ̀n: fíìmù náà kò jáde sí ìta. Nítorí náà kò jẹ owó íntánẹ́ẹ̀tì wa. Iná tàbí sólà nìkan ló nílò.

Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn, wọn kò lè ṣòwò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ rí. Èdè kan wà tí ẹ̀rọ fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, SMB ni orúkọ rẹ̀. Barry Feigenbaum ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1983 ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di nǹkan bí 1992, Andrew Tridgell ní Ọsirélíà ṣe iṣẹ́ kan tó jẹ́ kí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà lè sọ èdè náà. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, ó sì rí SAMBA. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ S, M àti B. Samba yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí ìpamọ́ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú iṣẹ́ ṣe.

Ìkíní: Ẹ fi wáyà so àpótí mọ́ ráútà. Ẹ so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ráútà kan náà, yálà pẹ̀lú wáyà tàbí Wi-Fi.

Ìkejì: Ẹ ṣe àpò kan sínú àpótí náà, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tí kò ní àmì ohùn, tí kò sì ní àlàfo, bí ORIN. Ẹ pàṣẹ pé kí àpò náà ṣí sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ ilé.

Ìkẹta: Ẹ yan orúkọ kan fún tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì fún un ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò fi máa wọlé. Àpótí yóò bi yín bóyá kíkà nìkan ni, tàbí kíkà àti kíkọ. Ẹ yan kíkà nìkan. Ẹni tó lè kà nìkan kò lè pa ohunkóhun rẹ́. Bí ọmọdé bá ń fi rìmóòtù ṣeré, ohùn ìyá àgbà kò ní sọnù.

Ìkẹrin: Ráútà máa ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí 192.168.1.20. Ẹ pàṣẹ fún ráútà pé kí ó má ṣe yí nọ́ńbà àpótí padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tó-tò-tó tó wà láàrin rẹ̀.

Ìkarùn-ún: Ẹ ṣí VLC lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996. Bí ó bá ń sọ Faransé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «réseau» sí. Ẹ yan àpótí yín, ẹ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí náà. ORIN yóò yọ síta.

Bí kò bá yọ ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá ráútà kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Wi-Fi tí a yà sọ́tọ̀ fún àlejò kì í sábà rí àpótí inú ilé. Ẹ tún ọ̀rọ̀ àṣírí kà: lẹ́tà ńlá kì í ṣe lẹ́tà kékeré. Bí fíìmù bá ń dúró lójijì, ògiri ti di Wi-Fi lọ́wọ́. Ẹ lo wáyà.

Ìṣòro kan wà tó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ẹ̀rọ àtijọ́ míì kò gbọ́ ju SMB ti àkọ́kọ́ lọ, àpótí tuntun sì máa ń kọ̀ láti dá a lóhùn. Ẹ má ṣe fi ipá ṣí i. Ní oṣù karùn-ún 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ibẹ̀ wọlé, ó ti kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 pa ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ó dé ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba, tí wọ́n fi ní láti dá àwọn aláìsàn padà. Ẹ sọ ẹ̀rọ ìmú-fíìmù náà dọ̀tun, tàbí kí ẹ wá òmíràn. Ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn àpótí yín sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: àká kan lè jóná. Dísìkì náà máa ń kú. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísìkì kejì, kí ẹ gbé e sí ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín.

Ẹ bi ara yín ní kíláàsì: Kí ló dé tí èyí kò fi jẹ owó íntánẹ́ẹ̀tì? Kí ló dé tí a fi yan kíkà nìkan? Níbo ni dísìkì kejì yẹ kí ó wà?